Páìpù Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ Ilé Àjàgbé

Gbàdàmọ́sí Àjàgbé kò fọkàn tán omi. Ọmọ etí ọ̀sà ni, Ọ̀jọ́ ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn ni bàbá rẹ̀ kọ́ ọ, òun náà sì ti kan ọkọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á mọ̀ pé omi kò ní iṣẹ́ mìíràn láyé ju kó máa wá ibi tí yóò gbà wọlé lọ. Àjàgbé gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Bó bá ń wẹ̀ pàápàá, ńṣe ló máa ń ṣọ́ omi náà.

Ọkọ̀ rẹ̀ kì í jò. Àwọn apẹja tó ra ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í gbé igbá ìgbọ́nmi dání lọ sórí ọ̀sà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń tẹ̀ mọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ létí: pákó iwájú ni kó gun ti ẹ̀yìn láti ìta, kí omi tó ń sáré bọ̀ lè yọ̀ kọjá lára ọkọ̀ láìrí ẹnu tí yóò gbà wọlé. Ó ní ẹni tó bá tò ó sódì, kó kúkú lọ ta ọkọ̀ náà fún ẹja.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ pákó yìí sọ́kàn o. Òun ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀.

Àríkẹ́ ni orúkọ ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìbà ni. Ní ayé ìgbà yẹn, kànga pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ ọ̀sà ti wọ inú àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ ìlú níbi tí ilé Àjàgbé wà. Omi wọn ṣeé po amọ̀, ó ṣeé fọ ilẹ̀. Bí wọ́n bá fi fọ aṣọ, ọṣẹ kò ní hó. Bí wọ́n bá fi po ẹ̀kọ, ẹni tó mu ún á béèrè ẹni tó bu iyọ̀ sí i. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n ń gbé kò sì ṣeé mu, nítorí imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, omi tó bá ti ibẹ̀ wá a máa pọ́n bí àgbo. Nítorí náà, ìsun kan tó wà lọ́nà Ìbà ni Àríkẹ́ ti ń pọn omi mímu. Ìrìn wákàtí kan gbáko ni, àbọ̀ sì máa ń gùn ju àlọ lọ, nítorí ìkòkò ti wà lórí.

Lọ́dún tó bí Fàúsátù, àkọ́bí wọn, ó yọ̀ ṣubú lójú ọ̀nà yẹn. Ìkòkò fọ́, orúnkún òsì rẹ̀ sì yẹ̀. Wọ́n bá a tò ó, ó san, ṣùgbọ́n kò san tán. Lọ́jọ́ náà ni Àjàgbé jókòó tì í lórí ẹní, ó wo orúnkún tó wú, ó ní: “Àríkẹ́, lọ́jọ́ tí mo bá kọ́ ilé onípáànù, o ò ní pọn omi Ìbà mọ́.”

Àwọn àgbà ní bí ojú bá yẹ ojú, kí ohùn má yẹ ohùn.  Nígbà tí ẹsẹ̀ Àríkẹ́ gbé ilẹ̀, ó mú òṣùká rẹ̀, ó sì tún gba ọ̀nà Ìbà lọ. Òṣùká yìí kì í ṣe àkísà tí wọ́n ká lásán o. Ìyá rẹ̀ ló fi àdìrẹ rán an fún un nígbà tó ń lọ ilé ọkọ, ó ki òwú sí i nínú, ó rán etí rẹ̀ mọ́ra, ó rí róbótó, ó dá ihò sí láàárín. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Àríkẹ́ fi gbé e lọ, tó sì fi gbé e bọ̀.

Ẹ lè máa bínú sí Àjàgbé bí ẹ bá fẹ́. Èmi náà ti bínú sí i rí. Ṣùgbọ́n ilé kíkọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọdún mẹ́jọ ló fi mọ ògiri ilé náà, òjò sì wó o lẹ́ẹ̀mejì kí òrùlé tó gùn ún. Àjàgbé kàn fi orúkọ òjò yẹn kún àwọn tó ń bá a jà. Ọdún kejì tí Ọbabìnrin ìlú Òyìnbó wá sí Èkó ni páànù gun orí ilé náà, wọ́n rẹ́ ògiri, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun, wọ́n sì kó wọlé.

Bí wọ́n ti kó wọlé, Àríkẹ́ ní kí àwọn kúkú to ìkòkò sí abẹ́ òrùlé nígbà tí òjò bá ń rọ̀, bí gbogbo ayé ti ń ṣe. Ọkọ rẹ̀ ní rárá o. Ilé tí òun fi ọdún mẹ́jọ kọ́ kò ní máa to ìkòkò bí ilé tó ń jò. Ó ní gọ́tà ni yóò gba omi lórí páànù, páìpù á gbà á lọ́wọ́ gọ́tà, àgbá á gbà á lọ́wọ́ páìpù, Àríkẹ́ á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, á yí ẹ̀rọ, omi á dà. Ó ti ń wo ọwọ́ Àríkẹ́ lára ẹ̀rọ náà nínú ọkàn rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó ti ra àgbá. Àgbá onípákó ńlá ni, ó fi ọkọ̀ gbé e wá láti Èkó. Ẹni tó tà á fún un ní èlùbọ́ ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èlùbọ́ náà ń rùn bí ọtí. Àjàgbé, ẹni tó ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje, ó dojú rẹ̀ kọ oòrùn fún odidi oṣù kan, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ èlùbọ́ mọ́.

Ó ku páìpù. Ọmọkùnrin kan wà ní Òkòkómáíkò tó ń jẹ́ Dáúdà, oníṣẹ́ páànù ni. Èbúté Mẹ́ta ló ti kọ́ṣẹ́. Ó ń ṣe fìtílà, ó ń ṣe garawa, ó sì lè ká páànù pẹlẹbẹ mọ́ irin kó di páìpù níṣojú ẹni. Kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èyí tí Àjàgbé kà sí àìmọ̀kan. Dáúdà kan gọ́tà mọ́ etí òrùlé, ó ki páìpù mẹ́ta bọ ara wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi okùn so wọ́n mọ́ ògiri fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n ránṣẹ́ pè é sí Àgbádárìgì fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Kó tó lọ, ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ó ní òun kò tíì fi òjé jó o, òun kò tíì fi irin dè é, ó ku finíṣìn.

Ní ọjọ́ kẹta tí Dáúdà lọ, Àjàgbé gbé àpótí síta, ó jókòó, ó ń wo páìpù. Ó wò ó títí. Páìpù òkè wọ inú ti àárín, ti àárín wọ inú ti ìsàlẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé níbi tí wọ́n ti pàdé, ti ìsàlẹ̀ la ẹnu sókè yí ti òkè ká. Bí òjò bá ń rọ̀, tó ń ṣàn bọ̀ lára páìpù láti ìta, ẹnu yẹn gan-an ni omi máa bá wọlé. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó ní gbogbo Èbúté Mẹ́ta tí wọ́n ń pariwo náà nìyí.

Ó lọ pe Ìdírísù wá, apẹja àgbàlagbà tí ilé wọn jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó ti ń tu ọkọ̀ tí Àjàgbé kàn láti ọdún méjìlá. Ìdírísù wò ó, ó mi orí. Ó ní páànù orí ilé pàápàá, ti òkè ló ń gun ti ìsàlẹ̀, òun kò rí ìdí tí páìpù fi ní láti yàtọ̀. Bí àgbà méjì bá fẹnu kò lórí ohun tí kò yé wọn, kò tún sí ọ̀nà àbáyọ mọ́. Àríkẹ́ tó ń ti ìsun bọ̀ gbọ́ wọn, ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù kí ọmọ yẹn dé ná. Ọkọ rẹ̀ ní a kì í fi ọ̀nà ikùn han ọ̀fun. Ta ni yóò wá kọ́ òun ní ìwà omi?

Ló bá tú páìpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó yí wọn padà. Ẹnu tó fẹ̀ tó kọjú sókè, ó dà á kọ sí ìsàlẹ̀, ó jẹ́ kí ti òkè gun ti ìsàlẹ̀ láti ìta, bí ó ti yẹ kí pákó rí. Ó fi òwú dí gbogbo ibi tí wọ́n ti pàdé, bí wọ́n ti ń dí ojú pákó ọkọ̀. Ọ̀dà dúdú nìkan ni kò fi lé e, nítorí omi mímu ni. Iṣẹ́ náà gún régé. Kò sí ẹnu kankan tó là sókè mọ́. Àwọn ènìyàn ń yà wò ó bí wọ́n bá ń ti mọ́sáláṣí bọ̀, Àjàgbé sì ń jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án.

Òjò dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Bó ti ṣú, Àjàgbé wọ bùbá tó mọ́, ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìdírísù náà gbé tirẹ̀ wá. Àríkẹ́ béèrè bóyá òun lè gbé ìkòkò kan ṣoṣo sí abẹ́ òrùlé ní ẹ̀yìnkùlé, tórí bí ọ̀rọ̀ bá rí. Ọkọ rẹ̀ ní ìyẹn á dà bí ẹni pé àwọn ń bú páìpù lójú ara rẹ̀. Àríkẹ́ gbé ìkòkò padà.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Páànù ń pariwo, gọ́tà kún, omi sì ya wọ páìpù. Wọ́n gbọ́ ọ bó ti ń sọ̀kalẹ̀. Àjàgbé na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn náà ni òwú ìsopọ̀ àkọ́kọ́ rọra yọ jáde bí ahọ́n, ó dúró díẹ̀, ó sì já bọ́. Ti ìkejì tẹ̀ lé e. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde níbi gbogbo tí páìpù ti so pọ̀, ó ń lu ògiri, ọ̀dà funfun sì ń bó lulẹ̀. Ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i pé páìpù náà kò gba ẹ̀kán omi kan wọlé láti ìta.

Ìdírísù wò ó fún ìgbà pípẹ́. “Ó jọ pé inú ni omi wà,” ló wí.

Àjàgbé ní òun ti rí i.

Nígbà tí òjò dá, wọ́n yí ẹ̀rọ àgbá. Omi tó dà jáde kò ju abọ́ kan lọ, òwú sì léfòó lórí rẹ̀. Àríkẹ́ wò ó, ó dà á fún àwọn adìẹ, ó wọlé.   Ìtìjú bá Àjàgbé débi pé kò lè jẹun alẹ́ rẹ̀ tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, Àríkẹ́ na ọwọ́ sí ìkòkò rẹ̀. Àjàgbé ti gbé e. Ó ní kó jókòó, òun lòun máa lọ. Àríkẹ́ ní ọkùnrin kì í pọn omi Ìbà. Ọkọ rẹ̀ ní ọkùnrin kì í yí páìpù náà, òun sì ti yí i. Ó gbé ìkòkò sílẹ̀, ó so garawa méjì mọ́ àjẹ̀ ọkọ̀, ó gbé e kọ́ èjìká, ó lọ. Kó tó padà dé ilé, omi inú garawa méjèèjì kò tó láti fi po ẹ̀kọ ènìyàn mẹ́ta; ojú ọ̀nà ló mu èyí tó kù. Láti ọjọ́ kejì lọ, ó gba òṣùká lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì ru garawa kan lórí bí gbogbo obìnrin.

Àwọn obìnrin ojú ọ̀nà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó bó ti rò. Wọ́n kí i, wọ́n ní ṣé Ìyá Fàúsátù wà. Ọ̀kan nínú wọn ló fi òkúta kan hàn án lábẹ́ igi, ó ní kó gbé garawa rẹ̀ sọ̀ níbẹ̀ kó sinmi, nítorí ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó tí orúnkún bá ń dùn ún. Àjàgbé jókòó. Obìnrin náà ní ibi mẹ́rin ni Àríkẹ́ ti máa ń jókòó bẹ́ẹ̀ kó tó délé. Ọdún mọ́kàndínlógún, Àjàgbé kò mọ̀ pé ó ń jókòó rárá. Ó máa ń rò pé ó ń dúró sọ̀rọ̀ ni, ó sì ti bá a wí nítorí rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Láti ọjọ́ yẹn, ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ló ń sinmi, bó ti rẹ̀ ẹ́ o, bí kò rẹ̀ ẹ́ o.

Ọjọ́ kẹsàn-án tó ti ń pọn omi ni Dáúdà dé láti Àgbádárìgì. Ó wọ agbo ilé, ó dúró níwájú ògiri tó ti bó, ó ju àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Ta ló yí i, Bàbá?”

“Èmi ni.”

“Kí ló dé?”

“Ẹnu rẹ̀ là sókè. Mo rò pé omi á wọ inú rẹ̀.”

Dáúdà wo páìpù, ó wo Àjàgbé, ó tún wo páìpù. “Bàbá,” ló wí, “páìpù omi ni.”

Àjàgbé ní òun ti wá mọ̀.  Ohun tó sọ lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti ń kan ọkọ̀. “Ọ̀gá Dáúdà,” ni ó pe ọmọ tí kò tó ọgbọ̀n ọdún, “àṣìṣe mi ni. Jọ̀ọ́, bá mi ṣe é.”

Dáúdà kò mọ ibi tó lè gbé ojú sí. Ó ní kò burú. Ó ní ọkọ̀ ń sá fún omi ni, èyí ń gbé e, òun ló fà á tí wọn kò fi lè wọ ẹ̀wù kan náà. Ó tú gbogbo rẹ̀, ó tún ki ti òkè bọ inú ti ìsàlẹ̀, ó dá iná, ó yọ́ òjé, ó jó ojú gbogbo rẹ̀ yí ká. Ó fi irin mẹ́rin dè é mọ́ ògiri. Ó ká ìgbọ̀nwọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè tẹ̀ wọnú àgbá. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é, Àjàgbé kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan, bí kò ṣe àkàbà tó bá a di mú.

Dáúdà wá ní kí wọ́n da omi sí gọ́tà kí àwọn wò ó. Àjàgbé kọ̀ kí omi kànga oníyọ̀ kan páìpù tuntun. Èyí tó kù nílé ni garawa tó rù láti Ìbà láàárọ̀ yẹn. Ó gun àkàbà fúnra rẹ̀, ó ń dà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń da epo sí fìtílà. Ìdírísù jókòó nísàlẹ̀, ó ń wo ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kán kan kò jáde. Gbogbo garawa omi náà wọ inú àgbá.

Ó ku nǹkan kan. Ihò tí wọ́n lu sí ìdérí àgbá fẹ̀ ju páìpù lọ, ìwọ̀n ìka méjì yí ká. Dáúdà ní ẹ̀fọn á gba ibẹ̀ wọlé, bí wolé-wolé bá sì dé tó bá tanwíjí nínú omi, kóòtù lọ̀rọ̀ máa bá Bàbá dé. Ó béèrè aṣọ tó nípọn tí òun lè fi dí i. Àjàgbé ní òun ní òwú. Dáúdà ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òwú sinmi.

Àríkẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọlé lọ. Nígbà tó jáde, òṣùká rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nà án sí Dáúdà.

“Òjò kò tíì rọ̀ o,” ni Àjàgbé wí.

“Mo mọ̀,” ni Àríkẹ́ dáhùn. “Ẹ fi dí i. Mi ò lò ó mọ́.”

 Àjàgbé yí ojú sí apá ọ̀sà, ó sì pẹ́ kó tó yí i padà. Dáúdà, tí kò mọ nǹkan kan nípa ọdún mọ́kàndínlógún, tú ìgbọ̀nwọ́ páìpù, ó ki òṣùká bọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò ìdérí. Ó ní ó bá a mu rẹ́gí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni òjò kò fi rọ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé kí wọ́n yọ òṣùká kúrò. Àjàgbé ká fìlà rẹ̀ sórí, ó gbé garawa lé e, ó gba ọ̀nà Ìbà lọ láàárọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdírísù béèrè òṣùká lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ kẹrin ni òjò dé. Kò sí ẹni tó gbé àga síta. Àjàgbé jáde sínú òjò náà, ó ń fọwọ́ pa páìpù láti ìsopọ̀ dé ìsopọ̀, kò sì lè mọ̀ bóyá ó ń jò, nítorí òjò ti pa páìpù, ó sì ti pa òun náà. Nígbà tó sú u, ó gbé etí lé ara àgbá. Ó gbọ́ omi bó ti ń dà sínú rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ìró náà fi kúrò ní ti àgbá òfìfo, tó di ti àgbá tó ń kún. Àríkẹ́ wá bá a níbẹ̀, ó yí ẹ̀rọ, ó bu omi, ó mu ún. Ó ní ó ń ta páànù díẹ̀ lẹ́nu. Ọkọ rẹ̀ ní ìyẹn yóò lọ tó bá yá.

Ní ọjọ́ kejì, Àríkẹ́ jí lásìkò tó máa ń jí. Ó kírun, ó na ọwọ́ sí igun tí òṣùká máa ń wà, kò bá a. Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sórí ẹní, ó na orúnkún rẹ̀ òsì, ó sì sùn títí oòrùn fi yọ. Àjàgbé jókòó síta, ó ń lé adìẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n má bàa jí i.